Ọjọ́ Kọkàndínlógún Lójú Òkun

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá ń ka ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ fún àlejò nídìí oúnjẹ, kì í ṣe nítorí Ọlọ́run ló ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀gá mi, Lorcan Gilmartin, oníṣòwò aṣọ ọ̀gbọ̀ ní Philadelphia, ti nu ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kúrò ní ètè, ó ń wá ojú ìwé tó dùn mọ́ ọn jù.

"Àbí ẹ tún fẹ́ pa wá lẹ́kún bíi ti èṣí?" ni Adájọ́ Ashcombe bi í.

"Ẹkún ló kàn, Adájọ́. Ẹ fa ìnujú yín yọ."

Sorcha Breslin ń gbé abọ́ ọ̀dùnkún wọlé. Ọkọ̀ ojú omi ọ̀gá ló gbé òun àti Eunan ọkọ rẹ̀ wá láti Derry, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ gbáko. Wọn kò lówó ọkọ̀, olúkúlùkù yóò fi ọdún mẹ́rin sìn ín. Eunan kú sójú omi. Àṣà wa níbí ni pé bí èrò bá kú kí ọkọ̀ tó dé ìdajì ọ̀nà, gbèsè rẹ̀ bá a lọ. Bó bá kọjá ìdajì, ẹni rẹ̀ tó kù ni yóò fi ọdún ìsìn òkú kún tirẹ̀. Èmi akọ̀wé ni mo kọ "ó kú lẹ́yìn ìdajì" sínú ìwé àdéhùn Sorcha. Bí ọ̀gá ṣe pè é fún mi nìyẹn; ọdún mẹ́rin rẹ̀ sì di mẹ́jọ.

Sorcha ti ṣèlérí fún Nuala, ọmọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ ní Derry, pé ọdún mẹ́rin péré ni. Ọmọ náà dúró dè é dé ọdún kẹfà, ibà sì pa á. Ọ̀gá fún ìyá rẹ̀ ní ìdajì ọjọ́ kó fi sunkún. Ó kọ ìyẹn náà sínú ìwé ìrántí rẹ̀.

"'Ọjọ́ kọkàndínlógún lójú òkun,'" ọ̀gá ń kà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe fi kọ́ra. "'Lónìí ni mo fọwọ́ ara mi pa ojú Eunan Breslin dé. Mo ka àdúrà, àwọn atukọ̀ sunkún. Olúwa, kí ni mo jẹ́, tí o fi fún mi ní ọkàn rírọ̀ báyìí?'"

Abọ́ kò jábọ́. Sorcha rọra gbé e sílẹ̀.

"Ọjọ́ kelòó, ọ̀gá?"

"Padà sí ilé ìdáná, Sorcha."

"Ibà ń ṣe èmi náà nígbà yẹn, n ò mọ ọjọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọjọ́ kẹrìnlélógójì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́. Adájọ́ nawọ́ gba ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà. Ojú ọ̀gá pọ́n, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí ọ̀nà àbáyọ, èyí tó lẹ́wà jù. Ó dìde, ó na apá méjèèjì.

"Àṣìṣe akọ̀wé ni, arábìnrin mi! Láti òní lọ, mo dá ọ sílẹ̀. Gbogbo ìsìn tó kù, mo fi jì ọ́, lójú Ọlọ́run àti lójú Adájọ́!"

Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá yíjú sí mi. "Bá mi mú kálámù wá, kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Adájọ́ kò gbójú kúrò nínú ìwé. "Obìnrin yìí, ọdún mélòó ló kù fún ọ láti sìn?"

"Ọjọ́ mẹ́fà, sà," ni Sorcha wí.