Ọ̀pá Jíà ní Apá Òsì

Ẹsẹ̀ méjì ló yọ síta láti inú ihò ìdí ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan wọ bàtà, ọ̀kan kò wọ̀. Onígbàjámọ̀ ló lẹsẹ̀. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tó ti ń bá wáyà jà, ohùn rẹ̀ sì ń jáde bíi ti ẹni tí wọ́n dé mọ́nú ìkòkò.

"Ìyá wọn! Tì í síwájú!"

Ìyàwó rẹ̀ pa agboòrùn dé, ó nawọ́ láti ìjòkòó rẹ̀ dé apá ọ̀tún, ó ti ọ̀pá jíà tuntun náà. Ọ̀pá kò mira.

"Ó ní òun ò lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀pá ni. Èmi kàn ń jíṣẹ́ ni."

Èjìká ló fa gbogbo wàhálà. Ọkọ̀ kékeré onígbòkun ni, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ sì rọ̀ sẹ́yìn pátápátá, ní igun ọ̀tún. Bí atẹ́gùn bá ti dákẹ́, ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ra bí aṣọ tí wọ́n ń fún, kó fi ọwọ́ ọ̀tún di ìtọ́kọ̀ mú, kó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, kó tó lè yí jíà tàbí kó fi kún eré. Lọ́jọ́ tí èjìká òsì onígbàjámọ̀ yẹ̀, imú ọkọ̀ ni wọ́n fi kí afárá onípákó tó wà létí omi, kíkí tí pákó méjì kò jí níbẹ̀. Ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló dájọ́: "Bàbá, ẹ ta ọkọ̀ yìí." Oníṣègùn eyín kan ń bọ̀ wá rà á lọ́sàn-án òní. Àfi bí ọ̀pá yìí bá ṣiṣẹ́: ọ̀pá kan lẹ́bàá ìjòkòó, wáyà méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan fún jíà, ọ̀kan fún eré. Kò ní sí pé à ń lọ́ra mọ́.

Onígbàjámọ̀ yọ jáde, gírísì kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ti pákó, ó fipá ti ọ̀pá. Nǹkan dún kẹ́ẹ́.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Parí ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ń parí ẹ̀ lọ́wọ́ yẹn."

Ó tú wáyà kúrò lára ẹ̀ńjìnnì. Ó nà án gbọọrọ: irin inú rẹ̀ ń yọ̀ wọlé, ó ń yọ̀ jáde. Ó ká a bó ṣe ká a tẹ́lẹ̀: ó há. Ó tún nà án: ó yọ̀. Inú tó ń bí i bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó fẹ́ mọ̀dí ni wàyí. Kí ló dé? Láti ìgbà èwe ló ti ń ká wáyà kílípà ìgẹrun mọ́ ọrùn ọwọ́, kò sì há rí. Ṣùgbọ́n iná ló ń gba inú wáyà kílípà kọjá. Iná kò légungun. Irin ló wà nínú eléyìí, irin tó gbọ́dọ̀ máa rìn. Bí a bá wá ṣẹ́ ọ̀nà rẹ̀ bí ìgúnpá, ibo ló fẹ́ gbà?

Ó fi wáyà sílẹ̀ kó gba ibi tó wù ú. Wáyà yí gbọọrọ lẹ́yìn ìtọ́kọ̀, ó sì lọ forí sọlẹ̀ ní apá òsì, lẹ́bàá itan ìyàwó rẹ̀.

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Ìjòkòó mi rèé o."

"Dìde, ká pààrọ̀."

Wọ́n pààrọ̀. Ọwọ́ òsì ni ọ̀pá máa fẹ́ níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbé tirẹ̀ sókè díẹ̀, ó ké bí ewúrẹ́. Wọ́n pààrọ̀ padà. Onígbàjámọ̀ tú ọ̀pá kúrò lápá ọ̀tún, ó gbé e sí apá òsì, lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó lu ihò tuntun.

Ó ń de bóòtù tó kẹ́yìn nígbà tí oníṣègùn eyín dé. Ọkùnrin náà ti wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì láti ilé, ó dì í dé ọrùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo wá gbà yín lọ́wọ́ ìyà."

"Ẹ dúró sórí afárá níbẹ̀, Dókítà. Ẹ wòran."

Onígbàjámọ̀ tú okùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ńjìnnì sì hó. Ó di ìtọ́kọ̀ mú. "Ìyá wọn, síwájú! Pẹ̀lẹ́!"

Ó tì í síwájú pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ fìdí rìn lọ bá oníṣègùn eyín.

"Síwájú ni mo wí!"

"Síwájú náà ni mo tì í!"

Oníṣègùn eyín fò sẹ́yìn, fìlà rẹ̀ bọ́ sómi. "Ẹ dá mi sí o, mi ò tíì rà á!"

Nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé onígbàjámọ̀. Apá ọ̀tún ló to ọ̀pá náà fún. Bó ṣe gbé e sápá òsì, ó ti kọjú sódì, bí oníbàárà tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó yanu láti pàṣẹ, àmọ́ àṣẹ ti pẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti fa ọ̀pá sẹ́yìn. Ọkọ̀ dúró bí ẹni tó ń ronú, ó sì rọra kọjú sí ojú omi. Bí ọkọ rẹ̀ ti ń yí ìtọ́kọ̀ ló ń dín eré kù, títí wọ́n fi yí po, tí wọ́n sì padà sẹ́bàá afárá láìjẹ́ pé pákó mọ̀ pé àlejò dé.

Oníṣègùn eyín ń fún omi fìlà rẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, àánú yín ló fẹ́ mú mi rà á. Ní báyìí, ọkọ̀ yìí wù mí."

"Kò sí títà," ni ìyàwó wí kí ọkọ tó la ẹnu. "Ẹ lọ máa yọ eyín yín, Dókítà."

Wọ́n tún jáde sójú omi.

"Ìgbà wo lo kọ́ ọ?"

"Níbí tí mo jókòó sí, kí lẹ rò pé mò ń wò?"

Ẹ̀ńjìnnì ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo fẹ́ ká lọ?" Ìbéèrè náà ṣàjèjì lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò ronú. Ó nawọ́. "Ẹ̀yìn erékùṣù kékeré yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Onígbàjámọ̀ tẹ̀lé ìka rẹ̀. Igi díẹ̀, òkúta dúdú kan, àwọn ẹyẹ funfun tó bà sí i. Àìmọye ìgbà ni ọkọ̀ yìí ti gba ibẹ̀ kọjá, tí ojú tirẹ̀ wà lẹ́yìn, lọ́dọ̀ ẹ̀ńjìnnì. Ó ṣẹ́jú, ó tún wò ó. Erékùṣù náà ṣì wà níbẹ̀.