Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án Ni

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ilà yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ọkọ mi ló fà á sí ara òpó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì kéré. Alágbàfọ̀ ni wá. Tábìlì tí a ti ń lọ aṣọ ga, áyọ́ọ̀nù wa sì wúwo. Ọmọ tí kò bá ga tó á máa na ẹsẹ̀, á máa gbé èjìká sókè, ibi tó bá ti ń na ara ni irin gbígbóná á ti jó o lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi pàṣẹ pé ọmọ tí orí rẹ̀ ò bá tíì kan ilà kò gbọdọ̀ sún mọ́ tábìlì. Èyí tí orí rẹ̀ bá sì ti kàn án, eré ti parí nìyẹn. Tó bá ti ti ilé ìwé dé, ìdí tábìlì ló kù tó ń lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Òfin tó dáa ni, mi ò ní purọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ wa fi máa kan ilà yẹn, àwọn ọkùnrin inú wọn ti ń hu irùngbọ̀n, àwọn obìnrin ti ń bá dígí ṣọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó ní láti béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ wọn, torí ara wọn àti ọjọ́ orí wọn jọ ń rìn ni. A wá lo òfin náà pẹ́ débi pé a gbàgbé pé gíga kọ́ là ń wá. Ọgbọ́n là ń wá, gíga la kàn ń fi wọ̀n ọ́n.

Ìgbà yẹn ni ọmọ ọmọ mi obìnrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin mi kejì, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ọ̀dọ̀ wa ló fi í sí. Ọmọ kékeré tí mò ń fi ọwọ́ kan gbé ló sùn, tó jí, tó sì di gbọọrọ. Bàtà tí a bá rà fún un, kí n tó mọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń yọjú níwájú. Èjìká rẹ̀ fẹ̀, ohùn rẹ̀ ki, ó sì ga jù mí lọ. Èmi náà ò ga tẹ́lẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Àkàbà.

Wọ́n rí ara, wọn ò rí ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo ń bá a sùn nínú yàrá kan náà, mo rí i. Ó ń mu àtàǹpàkò lójú oorun. Ó so ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí oníbàárà pa tì, ó fi ṣe bèbí, ó ń sọ àṣírí fún un. Tó bá fẹ́ purọ́, ẹ̀rín á ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí irọ́ náà tó délẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kì í fẹ́ dá wọ ibi tí a gbé aṣọ kọ́ sí, ó ní àwọn kóòtù ń mí. Egungun rẹ̀ ló sáré, ó fi orí sílẹ̀ lẹ́yìn. Kì í ṣe pé orí náà dì o! Orí náà ń bọ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tirẹ̀, bí orí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe yẹ kó máa bọ̀.

Èyí tó tún ń dùn mí jù ni ti ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń fo okùn níwájú ilé oníbàtà, ọmọ oníbàtà yẹn gan-an ni olórí wọn. Ọmọ mi á lọ dúró tì wọ́n. Wọ́n á ní, "Àkàbà, o ti dàgbà jù, orí ẹ á máa kan okùn wa." Á tún lọ bá àwọn ọmọge tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà kejì, tí wọ́n bá a dọ́gba lóòró. Àwọn yẹn ń sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin àti ọ̀rọ̀ irun, òun á máa rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín, bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Á padà wálé, á lọ bá bèbí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ló ti ilé ìwé dé, ọkọ mi sì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ wa kan ti lọ, aṣọ sì ti kún ilẹ̀. Orúnkún ọkọ mi kì í jẹ́ kó lè dúró pẹ́ mọ́, èmi nìkan ni mò ń bá áyọ́ọ̀nù wọ̀yá ìjà. Ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀.

"Wá fẹ̀yìn ti òpó yìí."

Ọmọ náà fẹ̀yìn tì í. Orí rẹ̀ kọjá ilà.

"Ó ti tó," ni ọkọ mi wí. "Láti ọ̀la, ìdí tábìlì."

Ohun tó bí mi nínú ni pé inú ọmọ náà dùn. Ó fò sókè. "Màmá àgbà, mo ti dàgbà!" Ṣebí ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Mo ní, "Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìyí o." Ó ní, "Ilà ni ilà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kàn án, ṣebí ó dé ìdí tábìlì." Mo fẹ́ tún sọ̀rọ̀, oníbàárà wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì dúró síbẹ̀.

Ó dúró sí ìdí tábìlì lóòótọ́. Mo ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ọwọ́ rẹ̀ tó, agbára rẹ̀ tó, kò jó ara rẹ̀. Ọkọ mi ń wò mí bí ẹni tó jàre. Ṣùgbọ́n láti orí tábìlì yẹn, ó ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń fo okùn níta, ojú rẹ̀ á sì lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ń kóra jọ. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ń sùn ní kíláàsì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́yìn yọ. Aṣọ òpin ọ̀sẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń retí. Mo wà lẹ́yìn, mò ń fi omi ṣan aṣọ, ni mo gbóòórùn. Nígbà tí mo sáré dé, ọmọ mi ti gbé ṣẹ́ẹ̀tì méjì kojú ara wọn. Ó ń fi ohùn kan sọ̀rọ̀ fún ti funfun, ó ń fi ohùn mìíràn dáhùn fún ti aró, wọ́n ń jà lórí ẹni tó ní bọ́tìnnì. Áyọ́ọ̀nù wà láyà ti funfun, èéfín ń jáde lábẹ́ rẹ̀, òun ò tilẹ̀ mọ̀.

Bí orí ṣe máa báni ṣe é, ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà ló wọlé lásìkò yẹn. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ni, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó rí àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti pọ́n bí búrẹ́dì tó jóná.

"Kí lèyí? Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn báyìí! Ojú ẹ fọ́ ni? Àgbà tó yẹ kó ti máa tọ́ ọmọ nílé ara ẹ̀!"

Ọmọ náà sá wọ abẹ́ tábìlì. Abẹ́ tábìlì náà ò gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta gbọọrọ. Ó ti ki àtàǹpàkò bọ ẹnu.

Mo ní, "Ẹ bi í ní ọdún rẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ fi ọdún ẹ̀ ṣe? Ṣẹ́ẹ̀tì mi ni mò ń bi yín!"

"Mo ní kí ẹ bi í ní ọdún rẹ̀!" Mi ò mọ̀ pé ohùn mi lè ròkè tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni náà bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ tábìlì. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́sàn-án," ni ọmọ náà wí, láti ẹ̀yìn àtàǹpàkò.

Ó dìde. Ó wò mí, ó wo ọkọ mi tó ti ẹnu ọ̀nà wọlé. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ wá gbé e dúró ti iná?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, torí òótọ́ ni. Mo ní kó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tó bá a mu lára èyí tí àwọn oníbàárà ti pa tì sọ́wọ́ wa, ó sì lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á ti gún ọkọ mi pẹ̀lú. Àgbà ọkùnrin! Ó gbọn èéfín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Jíjó aṣọ kan kì í ṣe nǹkan. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ ọ. Jáde níbẹ̀, ìwọ, aṣọ kù."

Mo ní, "Kò ní jáde síbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé o rí ọmọ yìí? Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Èyí tó pẹpẹ, ó tún kọjá pẹpẹ!"

"Kó tó àjà pàápàá! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, alágbàfọ̀ ni yín, ó yẹ kí ẹ mọ̀yẹn. Gíga ló bá àgbà dọ́gba. Ẹ̀rù òkùnkùn ṣì ń bà á. Kò tíì ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ fẹ́ gba ìgbà èwe lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn? Tí ẹ bá gbà á tán, níbo la ti máa rí òmíràn rà fún un?"

"Òfin ilé yìí..."

"Òfin ilé yìí fọ́jú! Kò lè ka ọdún!"

Mo fa okùn áyọ́ọ̀nù yọ lára ògiri.

"Aṣọ ńkọ́?" Ọkọ mi nawọ́ sí òkìtì náà. "Ta ló máa lọ gbogbo èyí?"

"Ẹ̀yin náà ga ju ilà lọ. Ẹ dúró tì í."

Mo na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, mo fa ọmọ mi jáde, a sì bọ́ síta. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n kò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ń fo okùn níwájú ilé oníbàtà. Mo ní kí wọ́n fún ọmọ mi láàyè. Ọmọ oníbàtà kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ní, "Ẹ má bínú, Màmá àgbà, ó ti tóbi jù. Okùn wa ò ní kọjá lórí ẹ̀."

"Gbé e fún mi."

Mo gba orí okùn kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo na ọwọ́ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú. Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Alátùnṣe kẹ̀kẹ́ tó wà lódìkejì pa iṣẹ́ tì, ó ń wò wá. Ẹ wò ó títí, mo ní lọ́kàn mi, mi ò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ yín.

Ọmọ mi wọ inú okùn. Kò mọ̀ ọ́n fò mọ́. Apá rẹ̀ ń fò níbì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí fún ẹni tí ara tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá, tí kò tíì mọ ibi tó parí sí. Ó fo díẹ̀, okùn kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú gbì. Orúnkún rẹ̀ bó. Ó wo ẹ̀jẹ̀, ó la ẹnu, ó figbe ta.

"Ẹ wo ọmọge tó ń ké bí ọmọ ọwọ́!" ni alátùnṣe kẹ̀kẹ́ wí.

"Ẹ jẹ́ kó ké!" ni mo dá a lóhùn. "Ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń ké."

Ọmọ oníbàtà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí orúnkún náà. Ó ní, "Ó máa ń ta èmi náà bẹ́ẹ̀. Ṣé o máa wá lọ́la? O lè máa bá wa ju okùn, ọwọ́ ẹ gùn." Ọmọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ikun ń ṣàn dé ètè rẹ̀. Ó wá gbójú sókè sí mi.

"Màmá àgbà, ẹ pọ̀n mí." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wò mí. Ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Àbí mo ti tóbi jù?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Gùn mí."

Ó gùn mí. Ọmọ oníbàtà àti àwọn tó kù fi ọwọ́ tì wá lẹ́yìn kí n tó lè nàró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ mi wà ní ìdí tábìlì, òógùn bò ó, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì nítorí ìrora. Ó rí wa.

"Sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ o! Ẹ̀yìn ẹ á kán! Àgbàlagbà lo gbé pọ̀n!"

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni!" Mo pariwo rẹ̀ kí gbogbo òpópónà lè gbọ́.

Ó wo ẹ̀jẹ̀ orúnkún náà, ó wo ojú ọmọ náà tó wà lórí èjìká mi, tó dijú.

"Kó fọ orúnkún yẹn," ló wí. "Ìwé ẹ̀ wà lórí àga." Ó sì yíjú padà sí aṣọ tó ń lọ̀.

Mo lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà wa la wà. Ìbàdí mi ń ké, àwọn èèyàn ti jáde síta láti wá wo ohun tí wọn kò tíì rí rí, arúgbó kúkúrú tó pọn òmìrán. Mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, mo gba ọ̀nà tó jìn jù lọ, mo yí gbogbo àdúgbò po.