Ìkóóde Ìdí Sìsí

Bùsàrí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fẹ́ jẹ oyè ní Ọ̀kà, ó sì ń wá ìkóóde kan tí yóò fi sí fìlà. Ìdí Sìsí, ọmọ odídẹrẹ́ tí mò ń sìn ní ìsọ̀ ìránṣọ mi ní Ìkàrẹ́, ni ojú rẹ̀ wà. Ọkọ mi ti gbà fún un. Inú bí mi, àmọ́ ta ni ìyàwó tí yóò ní rárá fún ẹ̀gbọ́n ọkọ?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí odídẹrẹ́ àgbà kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta ìkóóde. Bí ìdí ẹyẹ náà bá ti hu ìyẹ́ ni ó ń tu ú, títí ìdí ọ̀hún fi pá. Mo bú u débi pé àwọn ọlọ́kadà dúró wòran. Mo ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, èyí kò ní kú sí i lọ́wọ́. Ó ní kí n máa gbé e lọ, kò kúkú wúlò fún òun mọ́.

Ìyá Àgbà ni mo sọ ọ́. Dókítà ẹranko ní Àkùngbá ní kí n kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ná. Nígbà tó yá, mo gbé kéèjì méjèèjì súnmọ́ra, Sìsí sì ń pariwo pè é ṣáá. Mo wá kó wọn pọ̀.

Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ kéèjì láti fún wọn ní ẹ̀pà, Ìyá Àgbà fò bo Sìsí mọ́lẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ pa á ni. Mo yọwọ́ kí n lè wá igi, ló bá kúrò lórí rẹ̀, ó ń fẹnu tún ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣe. Mo tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tún bò ó. Ìgbà náà ni mo wò ó dáadáa: ìdí Sìsí nìkan ló ń fi apá bò. Mo ní Sùbúhánálláhì, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bùsàrí dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo ṣí kéèjì, mo ní kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìkóóde náà.

Bí ó ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Ìyá Àgbà bo Sìsí. Kò bu ọwọ́ náà jẹ. Ó ń gbọ̀n, ó wá yí ìdí tirẹ̀ tó pá sí ọwọ́ Bùsàrí, ó sì dúró.

Ọwọ́ Bùsàrí dúró sójú kan.

“Ìyàwó, ta ló kọ́ ẹyẹ yìí?”

“Bùọ̀dá mi, ọwọ́ tó ń tu ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.”

Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn kéèjì náà.

Lọ́jọ́ ìwúyè, fìlà lásán ló dé. Nígbà tí àwọn ìjòyè bi í léèrè ìkóóde rẹ̀, ó ní ó wà ní Ìkàrẹ́, ó wà lára ẹni tó ni ín.