Aṣọ Ẹ́sítérì Ò Gba Ohùn Mi

Ẹ̀yin ará áótò, ẹ̀yin olóhùn ìsàlẹ̀ bíi tèmi, mo lá àlá kan lóru àná, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó pa á mọ́ mi nínú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá ti pẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń fún ní ipa tó ga jù nínú eré orin. Èmi ló pẹ́ jù. Ni wọ́n bá ní èmi ni màá ṣe Ayaba Ẹ́sítérì níbi ìkórè. Orin Ẹ́sítérì ń gòkè bí ẹni ń gun igi àgbọn. Ohùn tèmi, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Mi ò sì lè sọ. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìkórè, ta ló tó kọ̀ ọ́?

Nínú àlá yẹn, ọ́fíìsì kọ́ámásítà wa, Ọ̀gá Ṣówándé, ń léfòó lókè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gun àpótí, mo wọlé. Ó fi téèpù télọ̀ wọn ọ̀fun mi.

"Màmá Dúró, ohùn yín gùn o. Ó ń wọ́ nílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo wò ó, ó ń wọ́ nílẹ̀ lóòótọ́, ó ti dọ̀tí díẹ̀. Mo ká a sápá.

Aṣọ Ẹ́sítérì tí wọ́n fi kọ́ ìṣó bá lahùn: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ mí. Màá ya."

"Èmi kọ́," mo ní, "ìgbìmọ̀ ni."

Ìgbìmọ̀ sì wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí dùùrù. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ohùn mi ò dé òkè." Kíá, gbogbo wọn di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Irùngbọ̀n wọn ti wà tẹ́lẹ̀.

Alága wọn jẹ àpọ́jẹ díẹ̀. "Ṣé ohùn la bi yín ni? Ṣé ẹ ti pẹ́ níbí àbí ẹ ò pẹ́?"

"Mo ti pẹ́, sà."

"Ó parí! Ẹ kọrin."

Mo kọ ọ́. Níbi tí orin ti gòkè, ohùn mi sọ̀kalẹ̀ ní tiẹ̀, ó fa ọ́fíìsì náà wálẹ̀, gbì! Àwọn òbúkọ ń fi pátákò pàtẹ́wọ́: "Ẹ́sítérì gan-an rè é!" Ayọ̀ yẹn pọ̀ débi pé wọ́n ń jẹ aṣọ náà.

Ni mo bá ta jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo yọjú sẹ́yìnkùlé, níbi tí mo sá aṣọ Ẹ́sítérì tí télọ̀ gbé wá lánàá sí. Òbúkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò mi, dúró tì í. Ó ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán, ó ń lọ sókè.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo rọra fa ọrùn aṣọ náà sún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ rọra máa jẹun, alága."