Bọ́ọ̀sì Bàbá Ìbejì Níwájú Ẹ̀rọ Èéfín

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò lè pa ohun tí ẹ̀rọ kọ rẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, nínú yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ àyẹ̀wò èéfín ọkọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí, ó ń wojú òkè bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́bàá títì tó ń ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí sọdá sí òdìkejì. Ọkọ̀ tó bá là á kọjá, ẹ̀rọ á ti wọn èéfín rẹ̀, á sì ya nọ́ńbà rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, bọ́ọ̀sì tí Bàbá Ìbejì fi ń kó ọmọ iléèwé ló mú pé èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. Bí wọ́n bá dá a dúró, iléèwé á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

"Èmi ọkọ ẹ náà?"

"Ẹ̀rọ ò mọ ọkọ, kò mọ àna. Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé bọ̀ ni, ẹ́ńjìnnì tútù sì máa ń rú èéfín. Ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ tún gbabẹ̀ kọjá. Èyí tó bá sọ nígbà yẹn, abẹ gé e."

Ó wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká títí ara ẹ́ńjìnnì fi yá. Ìyàwó rẹ̀ yìí náà ló ti sọ fún un nídìí oúnjẹ pé bí awakọ̀ kò bá fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́ ọkọ̀ kó sáré níwájú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà, èéfín á fẹ́lẹ́, ọkọ̀ aláìsàn á sì yege. Kí ló kù? Kó sáà gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀.

Ó rí ìyàwó rẹ̀ lókèèrè, tó dúró ti ẹ̀rọ, tí kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Obìnrin yìí mà lọ́kàn o! Ó mọ̀ pé ọkọ òun mọ ọgbọ́n náà, síbẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́, kò kìlọ̀ fún un. Ó fọkàn tán an ni. Inú Bàbá Ìbejì dùn, ojú sì tì í, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó tẹ iná mọ́ ọn. Èéfín dúdú bo títì.

Ìyàwó rẹ̀ wá síbi fèrèsé ọkọ̀, omi ti lé sí i lójú. "Ó kùnà o, Bàbá Ìbejì."

"Mo mọ̀. Fi èsì náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín bó ṣe wà." Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì pe ọ̀gá iléèwé fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì tí yóò kó àwọn ọmọ. Ọkọ̀ mi ò dáa fún wọn."