Àwòrán Orí Màmá Kò Tíì Dé

…tí iná VPN sì ń tàn lójú kọ̀ǹpútà ní àwọ̀ ewé, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Mo tún wò ó. Àwọ̀ ewé. Mo fi apá aṣọ mi nu ojú kọ̀ǹpútà náà, bóyá ìdọ̀tí ni. Àwọ̀ ewé ṣì ni.

VPN wà lójú iṣẹ́. Kò sí nǹkan kan tó ń gbà á kọjá.


2

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bínú.

(Mo ti bínú.)

Ilé méjì ni ilé ìwòsàn wa. Ilé Ńlá, níbi tí mo wà. Ilé Òdìkejì, tó wà lódìkejì odò. Dókítà tó ń ka àwòrán inú orí wà ní Ilé Ńlá, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán náà wà ní Ilé Òdìkejì. VPN ni àwòrán máa ń gbà wá, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí a là sínú íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé má baà máa wo inú orí aláìsàn. Lẹ́nu ọ̀nà náà, ní ilé kọ̀ọ̀kan, fáyàwọ́ọ̀lù kan jókòó bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ohun tó ń wọlé pé ta ló rán ọ.

Lánàá, mo gbé ètò tuntun wọ fáyàwọ́ọ̀lù ti Ilé Ńlá.

Láàárọ̀ yìí, Màmá ṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ilé Òdìkejì ni wọ́n gbé wọn lọ. Wọ́n ya àwòrán orí wọn. Bó bá jẹ́ pé iṣan kan ló dí, oògùn kan wà fún un. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú orí, oògùn yẹn gan-an ló máa pa wọ́n. Àwòrán nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa fún wọn ní nǹkan kan kí dókítà tó rí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo iná, tí mo sì ń rán ìbéèrè kékeré sódìkejì odò láti mọ̀ bóyá èsì á padà.


3

ÌKÉDE SÍ GBOGBO ÒṢÌṢẸ́

A ti gbé ètò tuntun wọ ẹ̀rọ ààbò wa. Ẹ lè rí ìdíwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má mikàn.

    Ẹ̀ka Ẹ̀rọ

Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀ka Ẹ̀rọ náà, èmi ni.


4

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn. Fóònù rẹ̀ ló ń fi kọ̀wé sí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti ya á. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni wọ́n á ti wò ó.
ÈMI: Ó ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.
Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbéra mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ń béèrè ẹ.
ÈMI: Kí ni wọ́n ní?
Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní ṣé o ti jẹun.


5

kò sí èsì
kò sí èsì
kò sí èsì


6

Àwọn ohun tí ẹ fẹ́ bi mí, tí mo ti bi ara mi:

Kí wọ́n fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ náà ránṣẹ́? Wọ́n ti ṣe é. Dókítà wò ó, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní òun ò lè tẹ̀ lé fọ́tò tí iná àjà ń dán yanran lórí rẹ̀.

Kí wọ́n dà á sórí fíláàṣì? A ti dí gbogbo ihò fíláàṣì pa nítorí ààbò. Èmi kọ́ ni mo pàṣẹ. Èmi ni mo dí i.

Kí wọ́n gbé Màmá wá? Wọ́n ń tún afárá ṣe, ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ ń gbà. Nọ́ọ̀sì ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí afárá, kò sẹ́ni tó máa lè ṣe ohunkóhun níbẹ̀.

Kí n dá ètò àtijọ́ padà?

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.


7

Mo lọ bá Ọ̀gá. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí ètò tuntun, ìgbìmọ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí yíyọ rẹ̀, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ń jókòó. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ mímí àwọn tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ náà wà lórí fáyàwọ́ọ̀lù yìí. Bí ètò àtijọ́ bá kọ̀ tí kò padà, ìyá àwọn ẹlòmíì ńkọ́?

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní wọ́n jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá rí ẹni bá jà.


8

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ètò náà.

ÌRÀNWỌ́: Ẹ káàbọ̀. Inú wa dùn pé ẹ kàn sí wa.
ÈMI: VPN wà lójú iṣẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan ò gbà á kọjá. Lẹ́yìn ètò tuntun yín ni.
ÌRÀNWỌ́: Ẹ kú ìfaradà. Ṣé iná VPN náà ní àwọ̀ ewé?
ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.
ÌRÀNWỌ́: Ìyẹn dáa. Ó túmọ̀ sí pé VPN yín ń ṣiṣẹ́.
ÈMI: Kò ṣiṣẹ́.
ÌRÀNWỌ́: Ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ tún tàn án?
ÈMI: Yàrá iṣẹ́ abẹ wà lórí ẹ̀. Mi ò lè pa á.
ÌRÀNWỌ́: Ó yé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án.
ÈMI: Ìyá mi ló wà lódìkejì.

        (Ó ń kọ̀wé. Ó pa á rẹ́.)

ÌRÀNWỌ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ara ìyá tèmi náà ò yá. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síwájú. Ṣé ìdáhùn yìí wúlò fún yín? Ẹ yan ìràwọ̀ láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún.

Mo fún un ní márùn-ún. Kí ni kó ṣe?


9

Mo rí i.

Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ méjì ló wà láàárín ilé méjèèjì, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá já. Ọ̀nà Kìíní. Ọ̀nà Kejì. Kìíní ni gbogbo wa ń gbà láti ọjọ́ yìí wá. Ètò tuntun dé, ó wo méjèèjì, ó yan Kejì fún Ilé Ńlá. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun tí mo bá rán níṣẹ́ ń gba Kejì lọ. Èsì rẹ̀ ń gba Kìíní bọ̀. Fáyàwọ́ọ̀lù rí èsì tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà jáde, ó ní mi ò mọ̀ ọ́ rí, ó sì sọ ọ́ nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Gbogbo wa là ń ṣe iṣẹ́ wa.

Ojútùú rẹ̀ ò le rárá. Kí ilé méjèèjì ṣáà gba ọ̀nà kan náà. Èyí tó wù kó jẹ́. Kí ẹnì kan yí tirẹ̀.

ẹnì kan


10

Fáyàwọ́ọ̀lù ti Ilé Òdìkejì wà lọ́wọ́ Àǹtí Máfọwọ́kàn. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń kí gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá ẹ̀rọ wọn nìyẹn. Wọ́n jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ “ẹ” ni wọ́n ń bá mi sọ. Láti ọjọ́ tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó fi ìyọnu lọ ẹnì kejì rí. Bí nǹkan bá wọ́, èmi á ní ẹ jókòó, màá yí tèmi. Àwọn náà á ní rárá o, ẹ fara balẹ̀, àwa la máa yí tiwa. Wọ́n máa ń fi wá ṣàpẹẹrẹ nípàdé.

Fóònù orí tábìlì wa ń gba VPN. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ń gba VPN. Yàrá ẹ̀rọ Àǹtí wà nísàlẹ̀ ilé pátápátá, fóònù alágbèéká kì í mú níbẹ̀.

Ó ku Ẹ̀gbọ́n.


11

ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀rọ.
Ẹ̀GBỌ́N: Kí n fi Màmá sílẹ̀ fún ta?
ÈMI: Nọ́ọ̀sì.
Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ọ̀sì kan fún wọ́ọ̀dù odidi. Èmi ni mò ń nu ẹnu wọn.
ÈMI: Ẹ sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Mo ti yí tèmi padà sí Kìíní.
Ẹ̀GBỌ́N: Kìíní kí ni?
ÈMI: Ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀.


12

(Ti Àǹtí Máfọwọ́kàn nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà.)

Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà mi pé Kejì ni nǹkan yín ń gbà wá. Mo ní, ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò tuntun wọlé, orí rẹ̀ á ti gbóná, n kò ní í da iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún un. Mo yí tèmi sí Kejì. Ọwọ́ mi ò tíì kúrò lórí bọ́tìnnì tí obìnrin kan fi kan ilẹ̀kùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ní ẹ ti padà sí Kìíní. N kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìyá yín ni. Mo ní háà, mo ti kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Mo dá tèmi padà sí Kìíní kíákíá.


13

Èmi, lákòókò yẹn gan-an: mo rí i pé Àǹtí ti lọ sí Kejì nítorí tèmi. Ojú tì mí. Mo sáré tẹ̀ lé wọn lọ sí Kejì.


14

kò sí èsì
        kò sí èsì
kò sí èsì
        kò sí èsì


15

Ẹ ti rí ènìyàn méjì tó pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró rí? Wọ́n jọ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n jọ tọrọ gáfárà, wọ́n sì jọ yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá. Àwa ò rí ara wa débi tí a máa fi rẹ́rìn-ín.


16

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti gòkè. Obìnrin yẹn ní kí o má bínú, òun ti dá tòun padà sí Kìíní.
ÈMI: Mo ti lọ sí Kejì.
Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé eré lẹ̀ ń ṣe ni?

Mo padà sí Kìíní. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Àǹtí ti lọ sí Kejì.

Mo gbé orí lé tábìlì. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín.


17

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá ò sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Orúkọ ìyá wọn ni wọ́n fi pè mí.
ÈMI: Ẹ padà sísàlẹ̀.
Ẹ̀GBỌ́N: Rárá.
ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní kí wọ́n jókòó sórí Kejì, kí wọ́n má fi tèmi ṣe, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Bí mo bá rò pé ẹ ti débẹ̀, èmi á wá bá wọn lórí Kejì.
Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ pé kí n ṣe?
ÈMI: Mo mọ̀ ọ́n.

N kò mọ̀ ọ́n.


18

(Ti Màmá nìyí. N kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ń ronú rẹ̀, ẹ má gbà mí gbọ́.)

Àjà funfun. Ọwọ́ kan wà lórí ìbùsùn, kì í ṣe tòun. Ó fẹ́ kí wọ́n wá ẹni tó ni ín, kó wá gbé e. Ọmọ òun tó jókòó tì í ti dìde, ó ti ń lọ. Ó fẹ́ sọ pé má lọ. Ọ̀rọ̀ náà pé lọ́kàn rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn ń wá ibi tó máa gbà jáde ni.


19

Mo dúró. Mo ka àtẹ̀gùn fún Ẹ̀gbọ́n lọ́kàn mi. N kò mọ iye rẹ̀, mo ṣáà ń kà.

Mo yí tèmi sí Kejì.


20

èsì dé
èsì dé
èsì dé


21

Orí Màmá ń wọlé ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Agbárí. Ihò ojú. Ìpàkọ́ tí mo máa ń fi imú kàn nígbà tí wọ́n bá pọ̀n mí. Mo ti rí àwòrán báyìí tí kò lóǹkà tó ń kọjá, n kò sì wo ọ̀kan rí. Mo yẹra níwájú kọ̀ǹpútà, torí pé dókítà ti wọlé, ó ti fa àga.


22

DÓKÍTÀ: Kò sí ẹ̀jẹ̀. Iṣan ló dí.
ÈMI: Ṣé a lè fún wọn lóògùn náà?
DÓKÍTÀ: Àárọ̀ ni wọ́n ya eléyìí. Oògùn yẹn ní àkókò tirẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wà báyìí?
ÈMI: Báyìí?
DÓKÍTÀ: Ní ìsinsìnyí. Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n lajú? Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?


23

Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni mo rán ẹni tó wà níbẹ̀ níṣẹ́.


24

Mo pe Ẹ̀gbọ́n. Kò mú. Mo tún pè é, kò mú. Mo dúró kó gòkè dé, kó tó ibi tí fóònù ti ń mú, kó wọ wọ́ọ̀dù, kó dé ẹ̀gbẹ́ ìbùsùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó gbé e.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi.”

Mò ń gbọ́ mímí rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ti rí àwòrán. Wọ́n ń béèrè bí Màmá ṣe wà.”

Mò ń gbọ́ bó ṣe ń pe Màmá, tó tún ń pè wọ́n. Dókítà ti ṣí bírò rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.