Gbólóhùn Kẹrin Nínú Ìwé Pei-yun

Ẹnu mi ló ṣe é. Mi ò ní di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn.

Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta núdùsì ní ìlú Madou ni yàrá ìkọ́ni mi wà, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Rédíò ló kọ́ èmi fúnra mi. Mi ò wọ yunifásítì rí, ṣùgbọ́n àwọn tó wọ̀ ọ́ ń fi ọmọ wọn ránṣẹ́ sí mi.

Nígbà tí a dé orí àgbàsọ ọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn, mo ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é: bí o bá ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sọ, ‘èmi’ rẹ̀ á di ‘òun’, ‘ọ̀la’ rẹ̀ á di ‘ọjọ́ kejì’, ọ̀rọ̀-ìṣe á sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, torí ẹni tó sọ ọ́ ti sọ ọ́ kọjá. Mo wá fún wọn níṣẹ́: gbólóhùn márùn-ún tí wọ́n gbọ́ nílé lọ́sẹ̀ náà. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wa sábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti máàkì rẹ̀ tán, kí wọ́n lọ kà á fún àgbà ilé, kí ìyẹn fi òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀, tí a ń lò bí ìbuwọ́lùwé, tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn, Ting-wei, nawọ́ sókè. “Olùkọ́, bàbá mi kì í sọ nǹkan kan nílé. Ó kàn máa ń hanrun ni.”

“Kọ ọ́ pé ó hanrun. Ẹni tó bá hùmọ̀ gbólóhùn fún mi, òdo ló máa gbà. Mi ò fẹ́ irọ́ ní kíláàsì mi.”

Pei-yun, ọmọ ọdún méjìlá, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Òun, ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀, àti A-má, ìyá bàbá rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tí mo máàkì ìwé rẹ̀, mo rí i pé A-má sọ pé ọsàn pómẹ́lò ọdún náà kan lẹ́nu. Mo rí gbólóhùn kẹrin: Màmá sọ pé dókítà ti sọ pé A-má kò ní rí ọdún tuntun, àti pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí A-má mọ̀.

Ẹni méjì ló sọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe sì wà ní ipò rẹ̀! Mo fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, mo kọ “Ó dára gan-an.” Ojú mi rí ìtumọ̀ rẹ̀ kedere, ọkàn mi kò rí i. Mo dá ìwé padà fún ọmọ pé kó lọ kà á nílé.

Ta ló tó kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu? Ó lọ kà á. Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ọmọ tó dé, A-má gun òkè wá bá mi tòun ti pómẹ́lò méjì nínú àpò.

“Olùkọ́, àtẹ̀gùn yín yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi pa arúgbó ni?”

“Ẹ jókòó, Ìyá. Mo ti gbọ́ pé ọsàn yìí kan.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni. Ó wà nínú ìwé ọmọ yín.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wá fa ìwé náà yọ. “Ó kà á fún mi lánàá. Ó ní dókítà sọ pé màá jẹ oúnjẹ ọdún tuntun ní àjẹyó. Ó rò pé ẹ̀pà tí mò ń bó ni mò ń wò. Ọwọ́ mi ló ń bó ẹ̀pà, ojú mi ò bá a bó o.” Ó fi ìka lé ojú ìwé. “Èyí tí mo rí níbí yàtọ̀. Ṣé àpẹẹrẹ lásán ni, àbí ẹnìkan sọ ọ́?”

Ǹ bá ti fèsì pé, ‘Àpẹẹrẹ ni, Ìyá.’ Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ ni pé ẹnìkan ń ṣiyèméjì iṣẹ́ mi.

“Àpẹẹrẹ kẹ̀? Ní kíláàsì tèmi? Mi ò gba àhùmọ̀ o, Ìyá! Ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nìkan ni wọ́n ń kọ níbí.”

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ tán ni mo tó wo ibi tí ìka rẹ̀ wà.

“Ìyá, mo…”

“Ẹ dákẹ́, Olùkọ́. Ẹ ti sọ ọ́.” Ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀ jáde, ó fẹ́ èémí sí i, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kẹrin gan-an, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ ìwé. “Ẹ má sọ fún wọn pé mo mọ̀. Bí a bá jọ mọ̀ ọ́n, ta ló máa rẹ́rìn-ín nílé yẹn?” Ó dìde. “Ọmọ náà mọ̀wé kà, àbí kò mọ̀ ọ́n?”

“Ó mọ̀ ọ́n, Ìyá.”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á pariwo sí mi níṣojú gbogbo àdúgbò: “Olùkọ́ ẹlẹ́nu ata! Ẹ wá jẹ àkàrà ráádìṣì lọ́dọ̀ mi lọ́dún tuntun o!” Èmi tí mi ò gba àhùmọ̀ á ní, “Màá wá, Ìyá.”

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí ọdún tuntun dé nígbà tó kú.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, ìyá Pei-yun ń fi bébà ká òdòdó lótọ́ọ̀sì tí wọ́n máa sun fún òkú bí àṣà wa. Ó di ọwọ́ mi mú. “Kò mọ̀, Olùkọ́. Títí tó fi lọ, kò mọ̀. Ìyẹn nìkan ló ń tù mí nínú.”

Pei-yun tẹ̀ lé mi jáde, ó ṣí ìwé náà síwájú mi. “Olùkọ́, kí ló dé tí A-má fi òǹtẹ̀ síbí?”

“Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.”

“A-má máa ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo gíláàsì.” Ó ń wo ẹnu mi. “Ṣé ó mọ̀?”

“Kò mọ̀.”

“Ẹ ṣeun, Olùkọ́,” ló wí, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe máa ń dá àgbà tí kò gbà gbọ́ lóhùn. Ó wọlé padà lọ bá wọn ká òdòdó.

Nígbà tí a tún àgbàsọ ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò kí ìdánwò tó dé, mo ní kí wọ́n hùmọ̀ gbólóhùn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ sílé. Ting-wei ní, “Ha! Olùkọ́, ẹ ti yí padà o!” Pei-yun kọ márùn-ún, gbogbo rẹ̀ lórí ajá kan tó ń sọ̀rọ̀. Mi ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.